Láti Tandabawi sí Ẹsẹ̀ Òkè Uhud: Bí Ajagunfẹ̀yìntì Ṣe Ń Múra Síyáárà Àwọn Ṣàhídì

Nínú àwọn bàbá wa tí ń lọ sí Mẹ́kà lọ́dọọdún, a kì í ṣàìrí ẹni tó ti gbé ìbọn rí. Òmíràn ja Ogun Abẹ́lé láàárín 1967 sí 1970, lábẹ́ Benjamin Adékúnlé tàbí lábẹ́ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1969. Òmíràn wà lára àwọn tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó lọ sí Làìbéríà láti 1990. Tí wọ́n bá dé ilẹ̀ mímọ́, tí wọ́n parí ohun tó gbé wọn wá, ìbéèrè kan wà tó máa ń yá lẹ́nu wọn ju ti àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá lọ: ìgbà wo la ó dé Uhud? Wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu áfáà láti kékeré pé ibẹ̀ ni ogun ti le, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin àwọn tó ṣubú sí. Ẹni tó ti gbẹ́ kòtò fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí lójú ogun mọ ohun tí òun fẹ́ lọ rí.

Ní Tandabawi, àdúgbò kan ní Mẹ́kà tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fìdí múlẹ̀ sí tipẹ́, ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í pẹ́ jáde. Àwọn tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà. Lára àwọn baba ńlá wọn ló fẹsẹ̀ la Ṣáàdì àti Sùdáànì kọjá, tí wọ́n wọkọ̀ ojú omi gba Òkun Pupa dé Jẹ́dà, tí wọn kò sì padà sílé mọ́. Tàkárínà ni àwọn Lárúbáwá ń pe irú wọn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún bàbá tó bá béèrè ni pé kó fọkàn balẹ̀: tó bá ti dé Mẹ́dínà, bọ́ọ̀sì síyáárà wà, àárọ̀ ọjọ́ kan ló máa fi rí gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Bọ́ọ̀sì náà a máa gbé èèyàn dé Mọ́sálásí Kúbà, dé Mọ́sálásí Kiblatéènì, dé ibi tí wọ́n ti gbẹ́ yàrà lọ́jọ́ Ogun Khandaq, a sì dúró díẹ̀ ní Uhud, kó tó tún já wọn sí oko dàbínù kí wọ́n rí nǹkan rà.

Ìmọ̀ràn tó dára nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èrò. Fún ajagunfẹ̀yìntì, kò tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì fi ń dúró, awakọ̀ a sì máa fọn fèrè kí bàbá tí orúnkún ń dùn tó dé ẹsẹ̀ òkè. Ó ti wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ti gbé ẹrù ogun kan sọ́kàn láti àádọ́ta ọdún, wọ́n wá ní kó yára. Mo gbà pé bí a bá fẹ́ mú irú bàbá bẹ́ẹ̀ dé Uhud, ó yẹ kí a ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un, kí a sì ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra láti ilé.

Ìmúra àkọ́kọ́ ni kó mọ ìtàn ibẹ̀ dáadáa, torí pé ojú lásán kò lè fi ohun púpọ̀ hàn án. Kò sí ère níbẹ̀. Kò sí òkúta gíga tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Ìtàn tí èèyàn bá gbé lọ ni yóò fi ríran.

Ní ọdún 3 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn 625, àwọn Kùráyíṣì jáde láti Mẹ́kà pẹ̀lú èèyàn bí 3,000 àti ẹṣin 200, láti gbẹ̀san bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun wọn ní Badr lọ́dún tó ṣáájú. Àwọn Mùsùlùmí tó jáde láti Mẹ́dínà tó 1,000, ṣùgbọ́n Abdullah ibn Ubayy yí padà lójú ọ̀nà pẹ̀lú 300, ó ku 700. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, to àwọn èèyàn rẹ̀ kí òkè Uhud lè bo ẹ̀yìn wọn. Ibì kan ló ṣí sílẹ̀, níbi tí ẹlẹ́ṣin lè gbà yọ sí wọn láti ẹ̀gbẹ́, òkè kékeré kan sì wà níbẹ̀. Ó fi tafàtafà 50 sórí òkè kékeré yìí, ó fi Abdullah ibn Jubayr ṣe olórí wọn. Àṣẹ tó pa fún wọn kò lọ́jú pọ̀: wọn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá ránṣẹ́ sí wọn, ìbáà jẹ́ pé àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ṣẹ́gun, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń pa wọ́n.

Ogun náà kọ́kọ́ dára fún àwọn Mùsùlùmí. Ọ̀tá sá, wọ́n fi ẹrù sílẹ̀. Àwọn tafàtafà rí ìkógun láti òkè, wọ́n ní ogun ti parí. Olórí wọn rán wọn létí àṣẹ, wọn kò gbọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sọ̀ kalẹ̀, ó ku òun àti àwọn bíi mẹ́wàá. Khalid ibn al-Walid, tí kò tíì gba ẹ̀sìn nígbà náà, tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ṣin Kùráyíṣì, rí àyè náà. Ó yí ẹṣin po, ó pa ìwọ̀nba tó kù lórí òkè, ó sì já lu àwọn Mùsùlùmí láti ẹ̀yìn. Èèyàn 70 ló kú. Hamza, àbúrò bàbá Ànábì, kú sí ọ̀kọ̀ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wahshi jù mọ́ ọn. Mus'ab ibn Umayr kú pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Ànábì fúnra rẹ̀ farapa lójú, eyín rẹ̀ kan sì kán.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn yìí nínú wàásù, a sì máa ń fi kọ́ ara wa pé ká má ṣe ojúkòkòrò. Ajagunfẹ̀yìntì a máa gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n ní kí èèyàn di ibì kan mú, kí ó máa gbọ́ ariwo ìṣẹ́gun níbòmíràn, kí ó má lè kúrò. Ó mọ bí ó ti rí kí olórí máa sọ̀rọ̀ kí ọmọ ogun má gbọ́ mọ́. Òun nìkan ló lè dúró lórí òkè kékeré yẹn kí ó wo ilẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ tí ń mú bàbá wọn lọ pé kí wọ́n má kàn fi ìtàn náà sílẹ̀ fún afinimọ̀nà inú bọ́ọ̀sì. Kí wọ́n jókòó pẹ̀lú áfáà àdúgbò wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, kí wọ́n gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, kí bàbá sì béèrè gbogbo ohun tó bá fẹ́ béèrè.

Bí wọ́n ṣe sin àwọn òkú náà yẹ ní mímọ̀. Àwọn ẹbí kan ti ń gbé òkú tiwọn padà lọ sí Mẹ́dínà nígbà tí Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà, kí wọ́n sin wọ́n síbi tí wọ́n ṣubú sí. Wọn kò wẹ̀ wọ́n. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi sin wọ́n. Torí pé wọ́n pọ̀, tí agara sì ti dá àwọn tó yè, èèyàn méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń tẹ́ sínú sàréè kan, wọ́n á béèrè ẹni tó mọ Alùkùráánì jù nínú wọn, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé wọlé. Aṣọ tí Mus'ab fi sílẹ̀ kò gùn tó o: bí wọ́n bá fi bo orí, ẹsẹ̀ á yọ, bí wọ́n bá fi bo ẹsẹ̀, orí á yọ. Wọ́n fi bo orí, wọ́n sì fi koríko bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ni ọkùnrin náà nílé bàbá rẹ̀ kó tó gba ẹ̀sìn.

Kí a sin ọmọ ogun síbi tó kú sí kì í ṣe ohun tuntun sí ṣọ́jà wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbígbé òkú ṣọ́jà padà sílé, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1917 tí yóò máa tọ́jú àwọn ibojì náà níbikíbi tí wọ́n bá wà. Àwọn ibojì bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa pẹ̀lú, nínú ìtẹ́ òkú àwọn ológun ní Ìbàdàn, pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun olúkúlùkù. Àwọn tí wọn kò rí ibojì wọn lẹ́yìn ogun Bọ́mà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kọ orúkọ wọn sára òpó ìrántí ńlá kan ní Taukkyan, nítòsí Rangoon. Ó tó nǹkan bí 27,000 orúkọ, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára wọn. Ní Èkó, àwọn àgbà ṣì rántí ère ṣọ́jà tó dúró ní Ìdúmọ̀tà nígbà kan. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní tí ìjọba fi ń ṣèrántí àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n fi rọ́pò ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ọjọ́ tí Ogun Abẹ́lé parí ní 1970. Níbi ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyí ti mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òkú ogun: fèrè, òdòdó, sàlúù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Wọn kì í ṣe ìkankan nínú rẹ̀ ní Uhud, ó sì yẹ kí bàbá ti gbọ́ èyí kí ó tó di ẹrù. Mo ti rí ẹni tó di mẹ́dà rẹ̀ sínú àpò, tó fẹ́ kọ́ ọ sáyà níwájú sàréè Hamza. Èrò ọkàn rẹ̀ dára, àmọ́ ìlànà ibẹ̀ yàtọ̀. Sálámà ni a ń sọ sí àwọn òkú, a ó sì ṣàdúà fún wọn. A kì í bẹ̀ wọ́n ní ohunkóhun, a kì í fi ọwọ́ pa ògiri fún ìbùkún, a kì í bu erùpẹ̀ sínú ìgò. Wọ́n lẹ àkọlé mọ́ ibẹ̀ ní oríṣiríṣi èdè láti sọ èyí fún àlejò. Nígbà kan Ànábì ka síyáárà sàréè léèwọ̀, kó tó wá fún wa láyè torí pé ó ń rán èèyàn létí ọ̀run. Òun náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Uhud, ó ṣàdúà fún wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ bí ẹni tó ń dágbére. Fún ṣọ́jà, mo rò pé èyí ló yẹ kó dì mọ́ra jù: ọ̀gá ogun tó padà lọ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ náà kù díẹ̀.

Aníyàn náà ní ìlànà. Síyáárà Uhud kì í ṣe apá kan hájì, kì í sì í ṣe apá kan Úmúrà. Ẹni tí kò dé ibẹ̀, hájì rẹ̀ pé. Hádíìsì sì wà pé a kì í di ẹrù ìrìn àjò ìjọsìn àfi sí mọ́sálásí mẹ́ta: ti Mẹ́kà, ti Mẹ́dínà àti ti Jẹ́rúsálẹ́mù. Nítorí náà, Mọ́sálásí Ànábì ni bàbá yóò ní lọ́kàn nígbà tó bá ń kúrò ní Mẹ́kà. Tó bá ti wà ní Mẹ́dínà, Uhud di ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń dààmú lórí rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá bá wọn jiyàn ní yàrá, ó dára kí wọ́n ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kó lọ? Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí ṣọ́jà àgbà má dúró de hájì tí kò bá jẹ́ pé hájì ọ̀ranyàn rẹ̀ ló ṣì wà lọ́rùn. Nínú hájì, ìṣètò gbogbo wà lọ́wọ́ NAHCON, àjọ tó ń bójú tó hájì ní Nàìjíríà, àti ìgbìmọ̀ alálàájì ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kan a kọ́kọ́ gbé èèyàn rẹ̀ lọ sí Mẹ́dínà kí wọ́n tó wọ Mẹ́kà, òmíràn a gbé tirẹ̀ lọ lẹ́yìn Árúfà, ọjọ́ tí wọ́n sì ń lò níbẹ̀ kò pọ̀. Oòrùn tún wà. Ní oṣù Kẹfà 2024, ìjọba Saudi kéde pé èèyàn 1,301 ló kú nínú hájì, nígbà tí ooru ní Mọ́sálásí Mẹ́kà dé 51.8°C. Ọjọ́ hájì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé sí i lọ́dọọdún, òtútù ṣì ń bọ̀, àmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún kò ní àkókò láti dúró dè é. Úmúrà láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ló rọrùn jù fún ara rẹ̀. Ojú ọjọ́ tutù ní Mẹ́dínà nígbà náà. Òwúrọ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ lè gba súwẹ́tà. Èyí tó bá sì fẹ́ lọ fún hájì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á ní físà àbẹ̀wò; hájì ní físà tirẹ̀ àti káàdì Nusuk tirẹ̀, wọn a sì dá ẹni tí kò ní i padà lójú ọ̀nà Mẹ́kà.

Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sanwó. Gbogbo alálàájì ló ń gba abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ní káàdì ibà pọ́njú, wọ́n sì tún ń béèrè oògùn rọpárọsẹ̀. Ìyẹn wà fún gbogbo ènìyàn. Ti ṣọ́jà ní àfikún. Ẹni tí irin ìbọn ṣì wà nínú itan tàbí èjìká rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, torí ẹ̀rọ pápákọ̀ òfurufú yóò ké, wọn yóò sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tí ariwo ìbọn ńlá ti ba etí rẹ̀ jẹ́ kò gbọdọ̀ dá rìn láàárín èrò. Oògùn ìrora ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń lo tramadol tipẹ́ fún egungun tó kán nígbà ogun. Oògùn tí òfin Saudi ń ṣọ́ gan-an ni. Ẹni tó bá gbé e wọlé láìsí ìwé àti àyè lè bá ara rẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kò léwu, kí oògùn yòókù sì wà nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lára.

Láti Mẹ́kà sí Mẹ́dínà, ọkọ̀ ojú irin Haramain tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ti yí ọ̀rọ̀ padà fún arúgbó. Nǹkan bíi kìlómítà 450 ni, ọkọ̀ náà lè sá tó 300 ní wákàtí kan, èèyàn a sì dé láàárín wákàtí méjì àti díẹ̀. Bọ́ọ̀sì a gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, ẹsẹ̀ á ti wú kó tó dé. Ibùdó ọkọ̀ ti Mẹ́kà wà ní Rusaifah, a lè wọ takisí láti Tandabawi. Ọkọ̀ náà a máa dúró ní Jẹ́dà àti ní pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà, èyí tó wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìrìnnà, torí ó máa ń tán. Nígbà tí ẹ bá sì ń gba àyè láti wọ Ráúdà nínú Mọ́sálásí Ànábì lórí áàpù Nusuk, kí ẹ rí i pé ọjọ́ tí wọ́n fún bàbá kò bọ́ sí àárọ̀ tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún Uhud. Méjèèjì lọ́jọ́ kan á rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Uhud fúnra rẹ̀ kò nira. Ó fi bíi kìlómítà márùn-ún jìn sí Mọ́sálásí Ànábì, ní ìhà àríwá. Ẹ kí ìrun súbùhì, ẹ jẹun, ẹ wọ takisí kí oòrùn tó gòkè, kí àwọn bọ́ọ̀sì tó dé. Ẹ mú àga oníkẹ̀kẹ́ lọ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá sọ pé òun ò nílò rẹ̀. Ilẹ̀ iwájú sàréè tẹ́jú, wọ́n ti fi òkúta tẹ́ ẹ, mọ́sálásí ńlá tí wọ́n ń pè ní Sayyid al-Shuhada sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá tàbí sinmi. Inú ọgbà olódi ni àwọn sàréè wà. Láti ara irin ògiri náà ni èèyàn ti ń wo inú: ilẹ̀ pupa, òkúta díẹ̀ tí wọ́n fi sàmì sí àyíká kan, kò sí orúkọ, kò sí nǹkan mìíràn. Àwọn kan máa ń béèrè pé ibo ló kù.

Nítòsí ọgbà sàréè náà ni òkè kékeré náà wà, Jabal al-Rumah, òkè àwọn tafàtafà. Kò ga. Ẹsẹ̀ èèyàn ti jẹ òkúta rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì ń yọ̀. Bàbá tí mo tì gun ibẹ̀ jẹ́ kọ́pùrà nígbà Ogun Abẹ́lé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ òkúta kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé e. Nígbà tó dé òkè, kò wo sàréè. Ó kọ́kọ́ béèrè pé ọ̀nà wo ni àwọn ẹlẹ́ṣin gbà. Mo nawọ́ sí i. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ jáde, ó yọ àtàǹpàkò, ó di ojú kan, ó fi wọn ilẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní bárékè, láti ẹsẹ̀ òkè ńlá títí dé ibi tí a dúró. Ó ní, "Ẹni mẹ́wàá ò lè dí ibí yìí." Ó tún ní, "Àmọ́ wọ́n dúró." Àwọn ọmọ Indonéṣíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń ya fọ́tò, ó yà fún wọn, ó sì ń wo ilẹ̀ náà lọ.

Kí àwọn tó bá bàbá lọ fi í sílẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ogun kì í tán lára gbogbo ẹni tó jà á. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òmíràn á sunkún, òmíràn á bínú láìnídìí. Ẹ mú un jókòó, ẹ fún un lómi, ẹ má fi fóònù ká a. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò tíì gbọ́ ohun tí bàbá wọn rí lójú ogun rí, àfi lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan wà tí mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe ṣáájú ní ilé: kí bàbá jókòó, kí ó ka orúkọ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n jọ wà nínú ogun tí wọ́n kú, kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Orí ìwé lèèyàn ń gbà rántí ní ọjọ́ ogbó. Tí wọ́n bá parí sálámà fún àwọn ṣàhídì Uhud, kí wọ́n padà sí Mọ́sálásí Ànábì, kí ọmọ máa ka orúkọ náà, kí bàbá máa tọrọ àforíjì fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, tí wọ́n jọ jẹ nínú abọ́ kan, tí òmíràn nínú wọn tilẹ̀ kú níbi tó ti ń gbé bàbá kúrò lábẹ́ ìbọn, ọ̀rọ̀ náà a máa wúwo. Áfáà á sọ fún un pé àdúà àforíjì fún òkú ní ààlà rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó ní kó gbàgbé wọn. Opó wọn ṣì lè wà láyé, ọmọ wọn wà láyé. Ó lè ṣàdúà ìlera àti ìmọ̀nà fún àwọn wọ̀nyí, kí ó sì wá wọn kàn pẹ̀lú owó ilé ìwé tàbí àpò ìrẹsì nígbà tó bá délé. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, àlàáfíà rẹ̀ sì pọ̀ sí i.

Bí ara bá ṣì gbé e, tí owó sì wà, kí wọ́n gba Badr padà sí Jẹ́dà dípò ọkọ̀ ojú irin. Badr fi bíi kìlómítà 150 jìn sí Mẹ́dínà, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Níbẹ̀, ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 2 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn 624, àwọn Mùsùlùmí tí wọn kò lé ní ọ̀ọ́dúnrún púpọ̀ dojú kọ Kùráyíṣì tó sún mọ́ 1,000, wọ́n sì ṣẹ́gun. Àwọn 14 ló kú nínú wọn: mẹ́fà lára àwọn tó bá Ànábì ṣí kúrò ní Mẹ́kà, mẹ́jọ lára àwọn ará Mẹ́dínà. Ibẹ̀ yàtọ̀ sí Uhud ní ohun kan: wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn 14 náà sára òkúta ìrántí kan fún ẹni tó ń kọjá. Ẹ wá ẹni tó mọ èdè Lárúbáwá, kó kà wọ́n sókè fún bàbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ àdáni ni ẹ máa háyà fún ìrìn yìí, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀. Ẹ bá awakọ̀ dúnàá-dúrà lórí iye owó àti iye wákàtí tí yóò dúró kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì kúrò ní Mẹ́dínà láàárọ̀: láti Badr, ọ̀nà tó gba Rabigh dé Jẹ́dà gùn, ó sì yẹ kí bàbá rí ibi sinmi kí ilẹ̀ tó ṣú.